Aṣọ Àlà ní Ẹnubodè: Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá àti Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ ní Gbangba ní Ilẹ̀ Yewa

Ìfáárà

Àwọn tí wọ́n ti kọ̀wé lórí ìtàn ẹ̀sìn Kristi ní ilẹ̀ Yorùbá ti sọ púpọ̀ nípa àwọn míṣọ́nnárì, nípa ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn, àti nípa iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì. Ohun tí kò tíì rí ìtọ́jú tó bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tí onígbàgbọ́ tí kì í ṣe àlùfáà ń gbà gbé ìgbàgbọ́ rẹ̀ jáde sí ìta, tí aládùúgbò fi lè rí i, kí ó dá a mọ̀, kí ó sì bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ète bébà yìí ni láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní ibì kan, èyíinì ni ilẹ̀ Yewa ní ẹnubodè Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Benin, àti nínú ìjọ kan, èyíinì ni Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Sẹ̀lẹ́. Ìlú Ìmẹ̀kọ, tí ó wà ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn Ayétòrò, ni àpẹẹrẹ náà dá lé lórí jù lọ.

Kókó ohun tí bébà yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé àmì ìgbàgbọ́ tí ó hàn gbangba kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ẹni tí ó wọ sùtánà funfun, tí ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn la ọjà kọjá, ti fún gbogbo ọjà láṣẹ láti máa ṣọ́ ìwà rẹ̀. Inú àṣẹ tí ó fún àwọn ẹlòmíràn yìí ni ìgboyà rẹ̀ wà, kì í ṣe inú aṣọ náà fúnra rẹ̀. Àṣẹ yìí náà ni ó ràn án lọ́wọ́ tí àmì náà fi kọjá ààlà tí òyìnbó fà, tí ó sì wà síbẹ̀ lẹ́yìn tí ìṣọ̀kan àwọn olórí ìjọ ti fọ́.

Ilẹ̀ Yewa àti ààlà rẹ̀

Ẹ̀gbádò ni wọ́n ń pe àwọn ará Yewa títí di 1995, nígbà tí wọ́n gba orúkọ odò Yewa tí ó ṣàn la ilẹ̀ wọn kọjá. Ní ayé àwọn Aláàfin, ọ̀nà òwò tí ó ti Ọ̀yọ́ lọ sí etíkun gba ilẹ̀ yìí kọjá, Ìlaró sì jẹ́ ìlú pàtàkì lójú ọ̀nà náà. Ọ̀nà yìí ni Clapperton gbà ní 1825; òun náà ni àwọn Lander gbà ní 1830. Nígbà tí agbára Ọ̀yọ́ wó, ilẹ̀ Yewa di ojú ọ̀nà ogun: àwọn Ẹ̀gbá ń ti ìlà-oòrùn bọ̀, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ń ti ìwọ̀-oòrùn bọ̀. Ní 1886, Dàhòmì fọ́ Kétu, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀ nígbèkùn. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, lẹ́yìn tí ogun ti rọlẹ̀, ni Ayétòrò gbilẹ̀. Orúkọ tí wọ́n sọ ìlú náà ti sọ ohun tí ọkàn àwọn olùtẹ̀dó ń fẹ́.

Ogun kò tíì tán ní ilẹ̀ nígbà tí àwọn òyìnbó pín in. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn ààlà. Kétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tí í ṣe ìlú abẹ́ Aláké​tu láti ìbẹ̀rẹ̀ wá, bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Báyìí ni ọmọ ìyá kan ṣe di ọmọ ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láìkúrò ní ojú kan. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1976 lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ ìjọba àwọn òyìnbó, A. I. Asiwaju fi hàn bí iṣẹ́ àfipáṣe, owó orí àti kíkó àwọn ọ̀dọ́ sí iṣẹ́ ológun ní ìhà ti Faransé ṣe mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣí wá sí ìhà ti Gẹ̀ẹ́sì. Ààlà wà lórí ìwé, ṣùgbọ́n àna, ọjà àti òrìṣà ń lọ, wọ́n ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ̀sìn tí ojú ń rí

Kí àwọn onígbàgbọ́ tó dé, ohun tí ojú ń rí ni ẹ̀sìn ní agbègbè yìí. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Kétu àti Yewa ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti fìdí múlẹ̀ jù lọ; àṣà náà ni UNESCO ka mọ́ ogún ìran ènìyàn ní 2001, lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo. Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, igi orí, aṣọ àti ijó ni wọ́n fi ń bọlá fún àwọn ìyá, ojú agbo ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Bákan náà ni wọ́n ṣe ń mọ olórìṣà nípa ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀, nípa irun rẹ̀, nípa aṣọ rẹ̀, àti nípa ohun tí kò jẹ́ fi ẹnu kàn. Aṣọ àlà ni ti ọlọ́bàtálá, ẹni tí ó bá sì wọ̀ ọ́ mọ̀ pé epo pupa kì í ṣe ọ̀rẹ́ òun. Òwe àwọn àgbà pé a kì í wọ aṣọ àlà jókòó sí ìsọ̀ elépo kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó nìkan. Ohun tí ó ń sọ ni pé ẹni tí ó ti gbé àmì kan wọ̀ ti gba ìdíwọ̀n kan sí ara rẹ̀, àti pé gbogbo ojú ni yóò máa fi ìdíwọ̀n náà wọ̀n ọ́n.

Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan bá sọ ní ilẹ̀ yìí pé òun ti di ọmọlẹ́yìn Jésù, ìbéèrè tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ ń bi í kì í ṣe ohun tí ó gbà gbọ́. Wọ́n ń béèrè ohun tí ó ti fi sílẹ̀, ohun tí ó ń wọ̀, àti ohun tí kò jẹ mọ́. Ẹ̀sìn tí kò bá ní èsì sí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kò tíì sọ èdè ilẹ̀ náà.

Àwọn onígbàgbọ́ ìṣáájú

Àwọn onígbàgbọ́ ìṣáájú ní èsì sí i, èsì náà sì wọ́n wọn lówó orí. Ní Abẹ́òkúta, ní 1849, wọ́n de àwọn kan lára wọn mọ́ àbà, wọ́n sì lù wọ́n, nítorí pé wọ́n kọ̀ láti bọ òrìṣà ìdílé. Ní 1853, Samuel Ajayi Crowther bẹ Kétu wò, ọba sì gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Ní 1862, Dàhòmì kó Ìṣágà, ìlú kan ní ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn Abẹ́òkúta. Àwọn Kristẹni ibẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n kó nígbèkùn, àti Doherty olùkọ́ni wọn. Ní gbogbo àkókò yìí, kíkọ̀ ni àmì onígbàgbọ́: kíkọ̀ ẹbọ, kíkọ̀ orò ìsìnkú, kíkọ̀ láti dáfá. Kò sí ẹni tí ó lè ṣi irú àmì bẹ́ẹ̀ mú fún àfẹ́, nítorí pé ìyà ni ó ń tẹ̀ lé e.

Ìjọba òyìnbó yí ọ̀rọ̀ padà. Nígbà tí àlàáfíà dé tí ilé ẹ̀kọ́ sì di ọ̀nà sí iṣẹ́ ìjọba, àmì onígbàgbọ́ di ìwé kíkà, orúkọ ìsàmì, kóòtù àti bàtà. Àwọn àmì wọ̀nyí hàn gbangba, ṣùgbọ́n èrè ni ó ń tẹ̀ lé wọn, kì í ṣe ìyà. Aládùúgbò tí ó rí ọkùnrin kan nínú kóòtù ní ọjọ́ Ìsinmi kò lè sọ bóyá Ọlọ́run ni ó ń wá tàbí ipò. Ó sì tún ń rí i pé ẹni tí ó fi kóòtù lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní òwúrọ̀ lè yọ́ lọ sí ilé babaláwo ní alẹ́. Àmì náà kò dè é mọ́ ohunkóhun.

Àlàfo yìí ni àwọn wòlíì ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà dí. Ní 1913 sí 1914, William Wade Harris ará Làìbéríà fi aṣọ funfun, ọ̀pá alágbèélébùú àti igbá omi la Ivory Coast já, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì jó òrìṣà wọn. Ní Èkó, ní 1925, Moses Orimolade àti Abiodun Akinsowon bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ Sérúbù àti Séráfù, tí àwọn náà ń wọ aṣọ funfun. J. D. Y. Peel, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìjọ Aládùúrà tí ó jáde ní 1968, ti tú ìtàn ẹgbẹ́ yìí àti ti Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi sílẹ̀ dáadáa. Orí ìpìlẹ̀ yìí ni Sẹ̀lẹ́ mọ lé, ṣùgbọ́n ìhà kejì ààlà ni ó ti wá.

Oshoffa àti ọ̀nà omi

Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, ni wọ́n bí Samuel Bilewu Joseph Oshoffa sí ní 1909. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni ó ń lọ. Ọmọ Ìmẹ̀kọ ni ìyá rẹ̀. Ọmọ ẹ̀jẹ́ ni Samuel jẹ́ fún bàbá tí ikú ti pa ọmọ rẹ̀ púpọ̀, orúkọ Bilewu sì jọ orúkọ tí wọ́n ń sọ irú ọmọ tí wọ́n ń bẹ̀ kí ó dúró. Òun náà kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, ó sì ń wá igi nínú igbó. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìjọ ṣe sọ, inú igbó yìí ni ó wà ní oṣù Karùn-ún 1947, ní ọjọ́ tí òṣùpá bo oòrùn, nígbà tí ìpè dé bá a. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà ni ìjọ bẹ̀rẹ̀ ní Àjàṣẹ́.

Ọ̀nà tí ìjọ yìí gbà wọ Nàìjíríà yẹ fún àkíyèsí. Kì í ṣe ìgbìmọ̀ míṣọ́n ni ó rán an, kò sì sí ilé ẹ̀kọ́ tí ó ṣáájú rẹ̀. Àwọn Ègùn apẹja, tí ọ̀sà kò ní ààlà lójú wọn, ni wọ́n gbé e wá sí Makoko ní Èkó ní 1950. Ní 1958, ìjọba Nàìjíríà forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí apẹja kan bá gúnlẹ̀ sí èbúté àjèjì, kò ní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́, kò sì sọ èdè àwọn ará ibẹ̀ yé. Aṣọ rẹ̀ ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ irú rẹ̀ ní èbúté náà ni ará rẹ̀. Àmì tí ojú ń rí ṣe iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ẹnu kò lè ṣe láàárín Ègùn, Fọ̀n àti Yorùbá, láàárín ẹni tí ó ka ìwé Faransé àti ẹni tí ó ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì.

Sùtánà àti ẹsẹ̀ lásán

Ohun méjì ni wọ́n fi ń dá ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́ mọ̀ níta: sùtánà funfun àti ẹsẹ̀ tí kò wọ bàtà. Ìjọ ń tọ́ka sí ogunlọ́gọ̀ aláṣọ funfun inú ìwé Ìfihàn fún ti àkọ́kọ́, àti sí Mósè níbi igbó tí ń jó fún èkejì. Àwọn Sérúbù àti àwọn Mùsùlùmí náà ń bọ́ bàtà ní ibi ìjọsìn. Ohun tí ó ya Sẹ̀lẹ́ sọ́tọ̀ ni pé ọmọ ìjọ kì í wọ bàtà níwọ̀n ìgbà tí sùtánà bá ti wà lọ́rùn rẹ̀, ìbáà jẹ́ ní ojú títì, nínú ọkọ̀ tàbí ní ọjà. Ilẹ̀ mímọ́ kò mọ sí ẹnu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì; ibi tí onísùtánà bá tẹ̀ ni.

Ìlànà mìíràn so mọ́ aṣọ yìí. Ọmọ ìjọ kò gbọdọ̀ bọ òrìṣà tàbí lo oògùn. Kò gbọdọ̀ mu ọtí, kò gbọdọ̀ fa tábà, kò sì gbọdọ̀ jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Kò sí èyí tí ó ṣòro fún ará Ìlaró tàbí Ayétòrò láti lóye, nítorí pé wọ́n ti mọ ohun tí èèwọ̀ jẹ́. Bí wọ́n bá rí onísùtánà nídìí ẹmu, kò sí ẹni tí yóò béèrè ìlànà ìjọ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Òwe aláṣọ àlà àti elépo ti ṣe ìdájọ́ náà kí àlùfáà tó gbọ́.

Ìyàtọ̀ sí kóòtù àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wà níhìn-ín. Kóòtù gbé ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ga ju aládùúgbò rẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ lásán rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ní àkókò tí bàtà jẹ́ àmì ọ̀làjú, akọ̀wé tàbí oníṣòwò tí ó bọ́ tirẹ̀ rìn lórí ọ̀dà gbígbóná ní ojú àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n ti gba ẹ̀sín mọ́ra. Ìyà 1849 kò sí mọ́, ṣùgbọ́n ìtìjú rọ́pò rẹ̀, ìtìjú sì jẹ́ owó tí Yorùbá kì í fẹ́ san. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ ni wọ́n ń wí.

Àwọn àtakò

Àtakò mẹ́ta ni ó yẹ kí òpìtàn dáhùn. Àkọ́kọ́ ni pé aṣọ àlà Ọbàtálá ni Sẹ̀lẹ́ tún rán. Ìjọ kò gbà bẹ́ẹ̀, ìtàn rẹ̀ sì fi hàn pé ó ń bá òrìṣà jà, kì í ṣe pé ó ń yá aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. Afe Adogame, nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìjọ yìí, ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ àṣà ìbílẹ̀ àti ti Bíbélì lọ́ mọ́ ara wọn nínú ìsìn rẹ̀ ju kí a fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo parí i lọ. Èyí tí ó kan bébà yìí ni pé àwọn tí wọ́n ń wo aṣọ náà ti mọ bí a ṣe ń ka aṣọ funfun. Ìjọ mú ìtumọ̀ tuntun wá, ṣùgbọ́n ojú tí ń kà á ti wà nílẹ̀.

Èkejì ni pé aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá, àti pé àgàbàgebè lè wọ sùtánà. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àgàbàgebè tí ó wọ kóòtù lè fara pamọ́ sínú ọ̀pọ̀ oníkóòtù. Èyí tí ó wọ sùtánà ti so agogo mọ́ ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Bí wọ́n bá mú un, orúkọ gbogbo onísùtánà ni yóò bàjẹ́. Ìdí nìyí tí àṣìṣe ọmọ ìjọ kan fi ń di ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú, tí àìdáa rẹ̀ kì í sì í jẹ́ tirẹ̀ nìkan.

Ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù, kò sì sí ìdáhùn tí ó lè mú un kúrò pátápátá. Ẹrù àmì yìí kò dọ́gba lórí ọkùnrin àti obìnrin. Ìlànà ìjọ kò gba obìnrin tí ó wà ní nǹkan oṣù láyè láti wọ ilé ìsìn. Ọkùnrin ni ó yan ohun tí ayé yóò rí lára rẹ̀. Obìnrin ń fi ohun tí kò yàn hàn: àìsí rẹ̀ ní ìjókòó fúnra rẹ̀ ti di ìkéde. Ó sì ń gbé aṣọ kan náà wọ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ kan náà rìn, síbẹ̀ àwọn ipò àlùfáà gíga kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń kọ ìtàn ìgboyà ìjọ yìí gbọ́dọ̀ ṣírò iye tí obìnrin san, kì í ṣe iye tí ọkùnrin san nìkan.

Ìmẹ̀kọ lẹ́yìn 1985

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án 1985, Oshoffa kú ní Èkó. Ìmẹ̀kọ, ìlú ìyá rẹ̀, ni wọ́n sin ín sí. Ìjọba Nàìjíríà ti ti àwọn ẹnubodè orí ilẹ̀ pa láti oṣù Kẹrin 1984, wọn kò sì ṣí wọn títí di 1986. Nítorí náà, ẹni tí ó ti Àjàṣẹ́ gbé ìjọ kan wọ Nàìjíríà sùn ní ìhà Nàìjíríà ààlà ní àkókò tí ààlà náà wà ní títì. Láti ìgbà náà wá, Ìmẹ̀kọ di ibi àbẹ̀wò mímọ́ ní àsìkò Kérésìmesì, tí àwọn onísùtánà ń wá láti Nàìjíríà, Benin, Togo àti ìlú òyìnbó. Kí ìlú Yewa kékeré kan tó di ojúkò ẹ̀sìn bẹ́ẹ̀, ó pọn dandan kí àmì tí ó mú àwọn àlejò wá jẹ́ èyí tí àwọn ará ìlú lè kà.

Ọ̀rọ̀ olórí ni ó pín ìjọ níyà. Alexander Abiodun Bada ni ó gba ipò pásítọ̀ ní 1987. Nígbà tí òun náà kú ní 2000, àríyànjiyàn lórí ẹni tí ó tọ́ sí ipò náà di ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́, onírúurú ènìyàn sì ń pe ara wọn ní olórí ní Nàìjíríà àti ní Benin. Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí ni pé kò sí ìhà kan tí ó bọ́ sùtánà sílẹ̀. Wọ́n yapa lórí ẹni tí ó ń pàṣẹ. Wọn kò yapa lórí ohun tí ayé ń rí.

Ìdí rẹ̀ wà nínú aṣọ náà fúnra rẹ̀. Lójú ará ìta, sùtánà kan ṣoṣo ni ó wà. Nínú ìjọ, àmùrè àti ọ̀ṣọ́ orí rẹ̀ ń fi ipò hàn, wọ́n sì ń ya ẹni tí ó ga sọ́tọ̀ sí ẹni tí ó rẹlẹ̀. Àmì kan náà tí ó sọ gbogbo wọn di ọ̀kan lójú ọjà ni ó ń tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ nínú ilé. Lórí èyí tí ń tò wọ́n ni ìjà ti bẹ́. Èyí tí ó sọ wọ́n di ọ̀kan dúró, nítorí pé kì í ṣe ọwọ́ àwọn olórí ni ó wà. Ọwọ́ àwọn aládùúgbò ni ó wà. Obìnrin tí ń ta ẹ̀kọ ní Ìmẹ̀kọ kò mọ ilé ẹjọ́ tí ó dá ẹnikẹ́ni láre, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ó ń retí lọ́wọ́ ẹni tí ó wọ funfun tí ó sì bọ́ bàtà.

Ìkádìí

Ìtàn tí bébà yìí sọ bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn tí wọ́n dè mọ́ àbà ní 1849, ó sì dé orí àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn ní Ìmẹ̀kọ lónìí. Láàárín wọn ni àkókò tí jíjẹ́ onígbàgbọ́ jẹ́ ọ̀nà sí ipò, tí àmì rẹ̀ kò sì ná ẹni tí ó gbé e wọ̀ ní ohunkóhun. Bí a bá fi ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wé ara wọn, yóò hàn pé ìgboyà ìgbàgbọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ bí àmì ṣe tóbi tó. Kóòtù hàn bí sùtánà ṣe hàn. Ohun tí ó yà wọ́n ni ẹni tí ó ni ẹ̀tọ́ láti bi ẹni tí ó wọ̀ ọ́ léèrè.

Àwọn òpìtàn ìjọ sábà máa ń lọ sí ilé ìwé ìpamọ́ àwọn míṣọ́n, níbi tí àwọn olórí ti kọ ohun tí wọ́n ń rò nípa àwọn ọmọ ìjọ. Ìlaró, Ayétòrò àti Ìmẹ̀kọ ń rán wa létí pé àwọn ẹlòmíràn wà tí wọ́n ti ń pa àkọsílẹ̀ mọ́ láìkọ ọ́ sínú ìwé: àwọn aládùúgbò tí kì í ṣe ọmọ ìjọ, tí wọ́n mọ ẹni tí ó wọ àlà, tí wọ́n sì mọ ìsọ̀ tí ó jókòó sí. Títí di ìgbà tí wọ́n bá gba ẹ̀rí wọn, ìtàn ẹ̀sìn Kristi ní ẹnubodè yìí kò ní pé.